Aṣọ Òkè Ń Gan Bí Pákó Lára Ọmọlangidi

Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo máa ń fi àjẹkù aṣọ òkè rán ìró àti bùbá fún ọmọlangidi ọmọ mi obìnrin. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń bá ọmọ mi lọ sílé ìwé rí i, wọ́n ní kí n rán fún tiwọn náà. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè yìí ń gan bí pákó. Ìró kì í fẹ́ ró, gèlè dà bí àpótí lórí rẹ̀, etí aṣọ sì ń tú. Mo rí àwọn obìnrin ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rán aṣọ ìbílẹ̀ wọn fún ọmọlangidi, tiwọn ń jókòó dáadáa. Ṣé kí n fi aṣọ òkè sílẹ̀, kí n kúkú máa lo àǹkárá? Ìyá ọkọ mi tún ní kí n ṣọ́ra o, pé ohun tí mò ń ṣe yìí jọ ère ìbejì.”

Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọdún 32 rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Iléṣà, ó sì tó ọdún 11 tí mo ti fi ti ọmọlangidi kún un. Ìró àkọ́kọ́ tí mo fi aṣọ òkè rán, mo bọ́ ọ kúrò lára ọmọlangidi, mo gbé e sórí tábìlì, ìró sì dúró fúnra rẹ̀ bí ife. Ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má rò pé ọwọ́ yín ni kò dáa. Aṣọ tó yẹ kó sọ ọmọlangidi yẹn di ọmọ Yorùbá ló ń sọ ọ́ di igi, ìyẹn ló ń dùn yín, ó sì yẹ kó dùn yín. Àmọ́ kò tíì tó ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ sá fún aṣọ òkè.

Ẹ jẹ́ ká gbé téèpù. Barbie tí gbogbo ọmọ mọ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1959, ga ní ínǹṣì 11 àti ààbọ̀. Obìnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ààbọ̀ jẹ́ ínǹṣì 66. Ọmọlangidi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà obìnrin yẹn. Aṣọ ṣeé gé kéré, òwú tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé gé kéré. Bí òwú yẹn ṣe nípọn lára yín náà ló ṣe nípọn lára Barbie, tó fi jẹ́ pé lójú tirẹ̀, aṣọ òkè ọ̀hún nípọn tó ìlọ́po mẹ́fà. Bí ẹni tó ró ẹní ni. Bí ẹ bá tún wá ṣẹ́ etí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì bí a ti ń ṣe sí aṣọ ènìyàn, ẹní mẹ́ta lẹ tò léra wọn yẹn. Ohun mìíràn tún wà tí àwa télọ̀ kì í sábà rò. Ìró tiwa wúwo, ìwúwo rẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀ tó fi ń bọ́ sára. Nígbà tí a gé e kéré, ìwúwo yẹn lọ, líle rẹ̀ kò bá a lọ.

Irú àjẹkù tí ẹ ń lò náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo fura pé ara aṣọ ẹbí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, torí òun ló ń ṣẹ́ kù jù lábẹ́ maṣíìnì. Aṣọ òkè tó ní òwú dídán bíi wúrà tàbí fàdákà nínú, tí a ń pè ní ṣáínṣáìn, kì í rọ̀, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, nítorí pé òwú dídán yẹn kì í ṣe òwú oko rárá. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná á sì mú un ká jọ. Ẹ fi ìyẹn rán báàgì tàbí fìlà ọmọlangidi. Èyí tó ń gbọ́ràn ni aṣọ òkè olówùú tó ti pẹ́: ẹtù tí bàbá wọ̀ títí tí etí rẹ̀ fi gbó, àlàárì ìyá àgbà tó ti rí ọṣẹ àti omi fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ ká a sáàárín ìka méjì. Bó bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ lò ó. Bó bá ta padà, ẹ dá a padà sínú àpò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì kan sányán ìyá yín tó ṣì pé. Sányán gidi, tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, ti wọ́n lóde òní. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà lórúkọ sányán, òwú mìíràn tí wọ́n pa láwọ̀ dà ni. Ibi tó ti gbó, tó ti ya, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti mú ti ọmọlangidi. Mo mọ ẹni tó gé odidi ìborùn ìyá rẹ̀ tó ti lọ, torí ọmọlangidi méjì. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ aṣọ bá ti délẹ̀, orí ló ń tẹ̀ ba.

Bí ẹ bá wá rí èyí tó rọ̀, ẹ má ṣẹ́tí rẹ̀. Òfì tí àwọn ọkùnrin fi ń hun aṣọ òkè kì í hun aṣọ fífẹ̀; ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó nǹkan bí ínǹṣì 4 ló ń hun, télọ̀ ni yóò rán wọn pọ̀. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan ní etí méjì tí ahunṣọ fúnra rẹ̀ ti hun pa, etí yẹn kì í tú. Lára aṣọ ènìyàn, inú ìránpọ̀ la ń fi í pamọ́ sí. Lára ọmọlangidi, òun gan-an lẹ ń wá. Ẹ tẹ́ ọ̀já náà ní ìbú, kí gígùn rẹ̀ yí ìdí ọmọlangidi po, kí etí kan jókòó sí ìbàdí, kí èkejì jẹ́ ìsàlẹ̀ ìró. Kò sí ṣíṣẹ́tí lókè, kò sí nísàlẹ̀. Igun méjì tí sísọ́ọ̀sì gbà kọjá nìkan ló kù. Ẹ fa òwú mẹ́ta mẹ́rin jáde níbẹ̀ kó di wajawaja, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ kó má baà tú kọjá ibẹ̀. Etí tó ń tú, tó ń tì yín lójú tẹ́lẹ̀, á di oge.

Ọ̀já kan á dé nǹkan bí orúnkún Barbie. Bí ẹ bá fẹ́ kó kan ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀já méjì lẹ máa rán pọ̀, ìránpọ̀ yẹn á sì tún gan. Ó sú mi. Ìtura tí mo wá rí ni pé mo jáwọ́ nínú gígé aṣọ mọ́ ọmọlangidi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọlangidi tí yóò bá aṣọ mu. Aláṣọ ni, òwú ni mo kì sínú rẹ̀, ínǹṣì 18 ni gíga rẹ̀, mo sì fún un ní ìdí tí ìró lè dì mọ́, ohun tí ọmọlangidi ọ̀rá kò ní. Ọ̀já mẹ́ta tí a rán pọ̀ bò ó láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀ láìsí ariwo. Orí rẹ̀ ni mo ṣe tóbi, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ sì ni mo ti rí i kọ́. Ère idẹ tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó ní 1957, ti ọba tó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn dé àyà yẹn, kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 47 lọ, ìyẹn ínǹṣì 18 àti ààbọ̀. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ dáadáa: orí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí ènìyàn gidi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Ẹni tó rọ ère bẹ́ẹ̀ yẹn mọ orí ènìyàn wọ̀n. Ó fẹ́ kí ojú wa kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ni. Ọmọlangidi tí orí rẹ̀ bá tóbi bẹ́ẹ̀ lè gbé gèlè. Ti Barbie kò ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Kò sí gèlè aṣọ òkè tí kò ní gbé e mì.

Ní ti gèlè yìí, ibẹ̀ lèmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ti jọ rí i bákan náà. Púpọ̀ nínú wọn ń rán gèlè mọ́ra bíi fìlà, wọ́n ń ki rọ́bà bọ ìbàdí ìró bíi síkẹ́ẹ̀tì. Ó yá rán, ó sì ń dùn ún wò nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ríró kúrò nínú ìró, tí a yọ wíwé kúrò nínú gèlè, kí ló kù níbẹ̀ tí ọmọ máa mọ̀ ní tiwa? Aṣọ wa kì í ṣe ohun tí a ń kì bọ́rùn kó sì parí. Ó ń tú lójú agbo, a máa dúró, a máa ṣí i, a máa tún un ró. Gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni. Ọmọ tí wọ́n bá fún ní gèlè rírán kò ní bá ẹnikẹ́ni débẹ̀. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi rán gèlè pọ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni mo fi ń ṣe é, kì í ṣe aṣọ òkè, bí ínǹṣì 20 ní gígùn àti 5 ní fífẹ̀ fún ọmọlangidi ínǹṣì 18. Mo máa ń yan àwọ̀ kan tó bá ìlà inú ìró mu. Igun ìró ni mo ń so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́, torí ìka ọmọdé kò tíì mọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ bọ ìbàdí.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àǹkárá, àdìrẹ wà lójú ọ̀nà. Ó fúyẹ́, ó sì ń rọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwòrán rẹ̀ tóbi. Bí ẹ bá gé òṣùbàm̀bá, àdìrẹ olóṣùpá ńlá, fún ọmọlangidi, òṣùpá kan ṣoṣo ló máa bo gbogbo ìdí rẹ̀, ẹni tó bá rí i á rò pé omi ló dà sí i lára. Ẹ bẹ aláàdìrẹ kó fi hóró wẹ́ẹ́wẹ́ di oníko fún yín lórí aṣọ funfun fẹ́lẹ́, kí òṣùpá náà lè kéré. Wàhálà kejì ni aró, òun ló sì nà mí jù. Oníbàárà kan ní kí n rán ìró àdìrẹ 6 fún ọmọlangidi ọ̀rá tí ó ti rà sílẹ̀. Mo rán an, ó gbà á, ó yìn mí. Kò pé oṣù kan tí ó fi fọ́tò ránṣẹ́: ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti di búlúù láti itan dé orúnkún. Aró tó bá ti wọ ara ọ̀rá, ọṣẹ kì í mú un kúrò, kànìnkànìn gan-an ò ràn án. Mo ra ọmọlangidi mẹ́fà mìíràn lówó ara mi.

Láti ìgbà náà, mo máa ń fọ àdìrẹ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kí n tó gbé sísọ́ọ̀sì. Èyí tó sì tún ṣe mí láǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé mo rántí tòbí. Ìyá mi kì í ró ìró láìwọ tòbí sábẹ́, èyí tó ní àpò níwájú tí ó ń fi owó ọjà sí. Mo wá ń rán tòbí funfun kékeré fún ọmọlangidi kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú okùn rẹ̀, pẹ̀lú àpò rẹ̀. Aró kò kan ara mọ́, ìró sì rí ohun tí yóò dì mọ́. Èmi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀ ju aṣọ òkè tí mo fi ojú mi rán lọ. Àpò yẹn ni. Ọmọ aládùúgbò mi gé bébà wẹ́ẹ́wẹ́, ó kọ 1,000 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú àpò tòbí ọmọlangidi rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa yá nínú rẹ̀.

Àǹkárá ńkọ́? Ẹ lò ó, mi ò bá yín jà. Àwọn kan á sọ fún yín pé kì í ṣe tiwa, òótọ́ sì wà níbẹ̀: aṣọ bátíìkì Indonesia ni àwọn ará Netherlands ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀, ilé iṣẹ́ Vlisco sì ti wà ní Helmond lọ́hùn-ún láti 1846. Àmọ́ èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, àǹkárá ni mo wọ̀ lọ sọ́jà Àtákúmọ̀sà láàárọ̀ yìí. Ẹ wá èyí tí òdòdó rẹ̀ kéré, kí ẹ fi ṣe aṣọ ọjà àti aṣọ ilé ọmọlangidi, kí aṣọ òkè sì jẹ́ aṣọ òde rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe náà nìyẹn.

Ní ti àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tí ẹ rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síkẹ́ẹ̀tì onírìbọ́ọ̀nù ni ẹ rí. Ìdí tí tiwọn fi ń jókòó ni pé ríbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́jà. Ẹni tó fẹ́ èyí tó kéré sí i á rà á. Kò sẹ́ni tó ń ta aṣọ òkè tí wọ́n fi òwú ọmọlangidi hun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yà kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n, ohun tó jẹ́ ti ẹ̀yà kan kì í ṣe ti èkejì. Àwọn Ojibwe ní aṣọ ijó tí wọ́n gbé irin kékeré tí wọ́n ká bí òkòtó mọ́, tó ń ró bí oníjó bá ti ń mira. Ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn tó jà nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kà á sí aṣọ ìwòsàn. Àwọn Hopi ní ère katsina tí wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin, àlejò sì máa ń pè é ní ọmọlangidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìṣeré. Nígbà tí ilé iṣẹ́ American Girl fẹ́ ṣe Kaya, ọmọlangidi ọmọ Nez Perce, ní 2002, wọ́n ní láti jókòó ti àwọn àgbà ẹ̀yà náà. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ẹnu Kaya pa dé, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọmọlangidi yòókù wọn nígbà náà ń fi eyín hàn, torí pé lọ́dọ̀ àwọn Nez Perce, fífi eyín hàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà jẹ́jẹ́. Ẹni tó wà nílé nìkan ló lè sọ ìyẹn fún aránṣọ.

Èyí gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ yín. Ẹ má bínú sí màmá, wọn ò sọ̀sọkúsọ. Láyé àtijọ́, nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ère ni wọ́n máa ń gbẹ́ dípò rẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi osùn pa á lára, wọ́n á gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu, wọ́n á sì wọṣọ fún un. Àwọn kan wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi owó ẹyọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bò látòkè délẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọlangidi ọ̀rá tí wọ́n rà lọ́jà rọ́pò èyí tí agbẹ́gilére ń gbẹ́. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá rí ọmọlangidi tó wọ ìró, tó wé gèlè, ojú rẹ̀ ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, ọmọlangidi tí ọmọbìnrin ń fi ọ̀já pọ̀n kiri inú ọgbà kì í ṣe ère ìbejì, màmá fúnra wọn ò ní ṣàìpọn ọ̀kan rí. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mi ò ń tà wọ́n ní méjì-méjì tó jọra, mi ò ń rán ẹ̀wù owó ẹyọ, mi ò sì ń fi osùn kan ara wọn. Adé onílẹ̀kẹ̀ tó bo ojú náà, mi ò ń ṣe é. Oníbàárà ti bẹ̀ mí, owó sì dára, ṣùgbọ́n ti ọba nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ọmọ máa sọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fún wọn ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Bí ọmọ tó máa lò ó kò bá tíì pé ọdún 3, ẹ fi òwú ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà sára bùbá, torí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ lè há ọmọ lọ́fun.

Agbádá kò tíì gbọ́ tèmi o. Mo ti rán tó mẹ́sàn-án fún ọmọlangidi ọkùnrin, gbogbo wọn ló nà gbọnrangandan bí ìyẹ́ ẹyẹ, kò sí bí ẹ ṣe ká a sí èjìká tí kò ní tú. Bùbá, ṣòkòtò àti fìlà ni mo ń tà fún wọn. Bí ẹnì kan ní Ifẹ̀ bá ti rí ojútùú rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kó ránṣẹ́ sí mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ọmọ òṣómàáló sì ni mí. Àwọn bàbá wa tó ń gbé aṣọ kiri lórí àwìn, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san, mọ iye tí aṣọ wọn jẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ìró, bùbá, tòbí àti gèlè ọmọlangidi kan ń gbà mí tó wákàtí 4, ìyẹn àkókò tí mo lè fi rán aṣọ ọmọ ọdún 5. Àwọn èèyàn á ní aṣọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, kí ló dé tó wọ́n tó báyìí. Ẹ ka wákàtí yín, ẹ má ka yáàdì. Bí ẹnu wọn kò bá gbà á, ẹ ya tòbí àti gèlè sọ́tọ̀, kí wọ́n ra èyí tí agbára wọn ká.

Kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ìyá kankan, ẹ gbé èyí àkọ́kọ́ fún ọmọ yín, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Gèlè ló máa kọ́kọ́ tú. Lẹ́yìn náà ni yóò tú ìró. Ẹ máa wò ó bóyá á lè tún un ró láìpe màmá rẹ̀. Bó bá pè yín, ẹ fi ínǹṣì kan kún okùn igun rẹ̀.